Ìwúwo Kan Lórí Afárá

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni màá ṣe sọ ọ́, mi ò ní bu iyọ̀ sí i. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, kì í sì í parọ́.

Onímọ̀-ẹ̀rọ ni. Ìyá Olódo ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé o. Òdo ló kún inú iṣẹ́ rẹ̀. Oríkèé irin kọ̀ọ̀kan lára afárá, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń fà á; ní ti gbogbo ìyókù, òdo ló ń kọ sínú ìṣirò rẹ̀.

Wọ́n ti ti afárá odò pa láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń kun irin ibẹ̀ lọ́dà, já bọ́ sómi. Wọn ò rí òkú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí. Kò tíì sunkún. Ó ń jẹun, ó ń wẹ̀, ó ń lọ síbi iṣẹ́, bí ẹni gbé ara ẹlòmíì wọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ yọjú.

"Ìyá Olódo, ṣé afárá yẹn ṣeé ṣí lọ́la?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ tán, sà."

Ó pín ìṣirò afárá náà sí apá mẹ́rìndínlógún fún kọ̀ǹpútà mẹ́rìndínlógún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yọ àwọn iye tí a ò tíì mọ̀ kúrò ní apá tirẹ̀, wọ́n á pàdé níbi tí apá wọn ti kanra, títí yóò fi ku ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ti mọ ìyẹn, wọ́n á tọ ẹsẹ̀ wọn padà, wọ́n á mọ gbogbo rẹ̀. Kò sí ìméfò níbẹ̀.

Èsì dé. Afárá òfìfo ló ní kí àwọn ẹ̀rọ náà ṣírò: kò sí ọkọ̀, kò sí èèyàn. Síbẹ̀, irin tẹ̀ díẹ̀ ní apá kẹsàn-án, láàárín odò gan-an. Ó wo ohun tó lè tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwúwo ẹnì kan péré.

Ó tún un ṣe. Ìwúwo náà ti dé apá kọkànlá.

Fáànù àwọn ẹ̀rọ nìkan ló ń kùn. Ó pe ọ̀gá.

"Nọ́ńbà kan wà tí o ṣì tẹ̀."

"Mi ò fọwọ́ kàn án, sà."

Ọ̀gá tún ìṣirò náà ṣe fúnra rẹ̀. Apá kejìlá. Ó yáa gbọ́wọ́ kúrò.

"Má jẹ́ kí wọ́n ṣí i," ló sọ, ó sì jáde láìti ilẹ̀kùn.

Obìnrin náà gba ọ̀nà afárá lọ. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó jẹ́ kó wọlé. Kò sí atẹ́gùn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin. Oòrùn mú, ṣùgbọ́n irin tutù.

Irin náà mì. Ó dúró díẹ̀. Ó tún mì, bí ìgbà tí ẹni tó ti rẹ̀ ń rìn bọ̀. Ìmì náà dé ọ̀gangan rẹ̀, ó dáwọ́ dúró.

"Bọ̀dá?"

Ó sún mọ́ irin náà sí i.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ti jẹun?"

Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí tó fi jẹ́ ìyẹn ló bọ́ sí i lẹ́nu. Irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó tì ọ́. Òun náà jókòó.

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, olùṣọ́ pè é láti ẹnu ọ̀nà.

"À ń bọ̀," ló fi dá a lóhùn.

Olùṣọ́ wo gbogbo afárá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò bi í pé ta ni wọ́n jọ ń bọ̀.