Tàdáwà Abẹ́ Awọ

Ìwọ tí ìwé ìléwọ́ yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jọ̀wọ́ yí apá òsì rẹ padà, kí o wo ọrùn ọwọ́ rẹ níbi tí iṣan ti hàn. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé táátù ló ń fín sí ara ènìyàn. Ọwọ́-Kì-í-Gbọ̀n ni wọ́n ń pè é, òun náà sì fẹ́ràn orúkọ náà débi pé ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó fín ìlà kan ṣoṣo sí apá òsì ara rẹ̀, láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, kò sì lo rúlà. Ìlà náà tọ́ gbọnrangandan. Bí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì, á ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, á ní, "Wò ó dáadáa. Ṣé o rí ibi tó ti wọ́?" Oníbàárà á sì jókòó.

Kò mọ Ọlọ́run. Mi ò sọ pé kò gbọ́ nípa Rẹ̀ rí o. Ó gbọ́ ọ dáadáa, nítorí alágbàfọ̀ kan wà nítòsí rẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ló pín ṣọ́ọ̀bù wọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí kì í sì í yé sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, kí ló fẹ́ fi Olùgbàlà ṣe? Ìgò ọtí kan wà lẹ́yìn àga iṣẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń mu díẹ̀ níbẹ̀ kó tó mú abẹ́rẹ́. Ó ní ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀.

Ó ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ ìyá rẹ̀. Àbúrò yìí bí ọmọbìnrin kan, ibà sì pa ọmọ náà nígbà tó pé ọmọ oṣù mẹ́jọ. Lẹ́yìn oṣù kan, obìnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ní ọ̀sán gangan, ó na ọwọ́ òsì sórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kọ orúkọ rẹ̀ síbí, níbi tí iṣan ti ń lù. Mo fẹ́ kó máa lù lára mi."

Gbogbo ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé ọwọ́ méjèèjì ló ń ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún á di abẹ́rẹ́ mú, ọwọ́ òsì á na awọ kó lè le. Bí awọ kò bá le, tí abẹ́rẹ́ sì wọlé jù, tàdáwà á kọjá awọ lọ sínú ọ̀rá tó wà nísàlẹ̀, á sì máa tàn níbẹ̀ bí epo ṣe ń tàn lára bébà. Kò sí ẹni tó lè fà á padà.

Obìnrin náà ń sunkún, apá rẹ̀ sì ń mì. Ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó lọ sílé, kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọtí tó mu lọ́jọ́ náà ju díẹ̀ tó máa ń mu lọ, nítorí òun náà fẹ́ràn ọmọ náà. Dípò kó fi ọwọ́ òsì na awọ, ńṣe ló fi tẹ apá àbúrò rẹ̀ mọ́ tábìlì, ó sì ń ti abẹ́rẹ́ wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbọ́ tí ìró ẹ̀rọ tó ń gún abẹ́rẹ́ náà yí padà. Ó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ti wọlé jù nìyẹn, kò sì dúró.

Lọ́jọ́ karùn-ún, obìnrin náà padà wá. Òjìji búlúù kan ti yí orúkọ náà ká, bí ẹni pé ẹnì kan fọwọ́ ra á nígbà tí kò tíì gbẹ. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ti wọ inú èkejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló yẹ kó sọ: Mo ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Ó di ọwọ́ náà mú, ó ń yí i síwá sẹ́yìn bíi dókítà.

"Ara rẹ ni kò gbà á," ó ní. "Ara àwọn mìíràn máa ń rí bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ títí. "Ara mi ò gba ọmọ náà," ó ní. "Kò tún gba orúkọ rẹ̀." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìdáhùn ìbéèrè kan tó ti ń dà á láàmú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ ketekete, ó sì jẹ́ kó gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó ní òun á bá a bò ó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nídìí iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ohun tó bá bàjẹ́, wọ́n á fi èyí tó tóbi jù ú lọ, tó sì dúdú jù ú lọ, bò ó mọ́lẹ̀. Ó ya ewé lé orúkọ náà. Búlúù yọ létí ewé. Ó ya ẹyẹ lé ewé. Ìyẹ́ ẹyẹ náà wú, ó wá dà bí ohun tó kú sínú omi. Kó tó pé ọdún méjì, ó ti kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú, láti ọrùn ọwọ́ títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgúnpá, orúkọ ọmọ náà sì wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè kà á mọ́. Obìnrin náà wá di ẹni tó ń wọ aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn.

Láàárín ìgbà yẹn náà ni ìlà tó wà lápá ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn.

Ibi tó ti ń wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ló ti kọ́kọ́ rí i. Etí ìlà náà kò mú mọ́. Ó fi kànìnkànìn ha á títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀. Ó mú bíróò pupa, ó fi yí etí rẹ̀ po, kó lè mọ̀ bó bá kúrò níbi tó wà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó dà bí ẹni pé ó ti kọjá bíróò náà. Ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Wá wo apá mi. Ṣé kò ti fẹ̀ sí i?"

"Ìlà tí mo ti ń rí láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi náà ni mo ń rí," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ta ló wá fi bíróò kọ yín lára bí ọmọ jẹ́léósinmi?"

Kò rẹ́rìn-ín. Àràárọ̀ ló ń fi bíróò yí i po, àràárọ̀ náà ló sì ń rí i pé ó ti kọjá. Ó ń rí búlúù nínú ìfófòó ọṣẹ. Ó ń rí i lábẹ́ èékánná rẹ̀. Bí oníbàárà bá na ọwọ́ sí i, ojú rẹ̀ á lọ sí iṣan ọrùn ọwọ́ ẹni náà, á sì dà bí ẹni pé iṣan náà ń rìn. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà á jù. Á máa wo ọwọ́ náà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, bí ọwọ́ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ ariwo lọ́dọ̀ alágbàfọ̀, ó sì yọjú. Oníbàárà kan ló ń bínú. Aṣọ funfun kan wà lórí tábìlì, áyọ́ọ̀nù sì ti jó o láyà. Alágbàfọ̀ ì bá ti ká a kí ojú jíjó wà nínú, kó fi ọ̀rá dì í, kó gbé e fún un. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹ sílẹ̀, tó sì nawọ́ sí ibi tó jó.

"Èmi ni mo jó o. Aṣọ yín kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ẹ̀."

Oníbàárà bú u tẹ́rùn, ó sì lọ. Ọwọ́-Kì-í-Gbọ̀n rẹ́rìn-ín. "O ò bá ti sọ pé aṣọ náà ni kò dáa. Ta ló máa mọ̀?"

"Ọlọ́run máa mọ̀," ni alágbàfọ̀ fi dá a lóhùn, ó sì fa aṣọ mìíràn síwájú. "Èmi náà á mọ̀. Ẹni méjì ti pọ̀ jù."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì jókòó tì í bí oníbàárà tí kò fẹ́ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àbúrò rẹ̀ wọlé. Ọdún mẹ́ta ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin náà ti lóyún oṣù méje. Ó jókòó, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, búlúù sì ti yọ lókè dúdú náà, lẹ́bàá ìgúnpá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kùn ún dé èjìká. Ó tún ti ń jáde."

"Pẹ̀lú oyún nínú? A kì í ṣe é fún aboyún."

"Ẹ jọ̀wọ́. Mi ò fẹ́ kí ọmọ yìí rí i." Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó sì tún yára gbé e kúrò. "Ìyẹn bó bá dúró. Nọ́ọ̀sì ní ó ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ò mọ ara mi. Mi ò tíì ra ìlédìí kan fún un. Kí ni mo fẹ́ rà á sí? Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ nígbà yẹn. Ara mi kì í gba nǹkan."

Gbólóhùn kan tí ẹ̀gbọ́n fi yọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan, inú rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ti ń gbé láti ọdún mẹ́ta.

O rò pé ó sọ òtítọ́ níbẹ̀, àbí? Abẹ́rẹ́ ló mú. Ó yá a lára láti gún aboyún ju kó jẹ́wọ́ lọ. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ máa ń gbé ènìyàn dé nìyẹn, má sì rò pé ìwọ kò lè débẹ̀. Ó bu tàdáwà, ó tan ẹ̀rọ, ó na awọ náà dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ni ọmọ inú obìnrin náà bá yí. Ó rí i bí aṣọ ṣe mì lórí ikùn àbúrò rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó fi èkejì dì í mú, èkejì náà ń gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàdáwà dà nù, ó sì ń tàn lórí tábìlì lọ síbi tí apá obìnrin náà wà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lásán gbá a padà. "Dúró dè mí," ó ní, ó sì jáde lọ bá alágbàfọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ dúdú méjì.

Alágbàfọ̀ pa áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀: ọtí náà, abẹ́rẹ́ náà, àti irọ́ náà.

"Láti ọjọ́ yìí lo ti ń bò ó," ó ní. "Ṣé ó ti kéré sí i?"

"Ó ń pọ̀ sí i. Ó ti dé ara mi." Ó na apá òsì rẹ̀. Bíróò pupa yí ìlà náà po, ọ̀kan lórí èkejì, ó pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè kà.

Alágbàfọ̀ wò ó dáadáa. "Ọ̀rẹ́ mi, ìlà yìí ò kúrò lójú kan. Ọkàn rẹ ni kò balẹ̀." Ó fà á jókòó sórí àpótí. "Ìwọ ń fi dúdú bo dúdú. Jésù kì í bò ó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń fọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ ara Rẹ̀ ló sì fi ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò lè fọ aṣọ tí o bá fi pamọ́ sílé. Àfi kí o gbé e wá."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e wá?"

"Bí o ṣe gbé e wá bá mi yìí náà ni. Sọ ọ́ fún Jésù. Lẹ́yìn náà, lọ sọ ọ́ fún àbúrò rẹ."

Ó kúnlẹ̀ láàárín agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí. Àdúrà rẹ̀ kò gùn, kò sì dùn ún gbọ́. "Olúwa, èmi ni. Kì í ṣe ara rẹ̀, èmi ni. Ṣàánú mi." Ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ títí omijé fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kankan kò tàn nínú ṣọ́ọ̀bù náà, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run gbọ́ ọ. Nígbà tó dìde, kò wo apá rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ṣì jókòó síbi tó fi í sí. Ọkùnrin náà, ẹ̀gbọ́n tó ti lé ní ogójì ọdún, kúnlẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀.

"Kì í ṣe ara rẹ," ó ní. "Mo ti mutí lọ́jọ́ yẹn. Abẹ́rẹ́ wọlé jù, mo sì mọ̀. Mo purọ́ fún ọ. Ara rẹ kò ṣe nǹkan kan."

"Kì í ṣe ara mi?"

"Kì í ṣe ara rẹ. Ọwọ́ mi ni."

Obìnrin náà gbá a létí pẹ̀lú ọwọ́ dúdú yẹn. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ kan náà lé ikùn rẹ̀, kò sì gbé e kúrò mọ́. Ó pe orúkọ ọmọ tó kú náà sókè, èyí tí kò pè láti ọdún mẹ́ta. "Kì í ṣe èmi," ó ń sọ fún ọmọ náà, ó sì ń sunkún. "Kì í ṣe màmá rẹ."

Oṣù mẹ́rin ni kò fi ẹsẹ̀ kan ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ọkùnrin náà da ọtí nù, ó ha orúkọ ìnagijẹ yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn, ó sì ń bá alágbàfọ̀ lọ sí ilé Ọlọ́run. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ tuntun. Aṣọ alápá kúkurú ló wọ̀. Apá dúdú náà ló fi gbé orí ọmọ náà.

"Ẹ gbé e," ó ní.

"Ọwọ́ mi á gbọ̀n."

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbé e."

Tàdáwà náà ṣì wà lápá obìnrin náà di òní. Ọlọ́run dárí jì í, ṣùgbọ́n tàdáwà kò kúrò. Bí obìnrin náà bá nawọ́ mú ife omi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á rí i, ó sì yẹ kó máa rí i.

Ìwọ ńkọ́? Tún yí apá òsì rẹ padà. Bóyá àmì kankan kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè wà níbì kan lónìí tó ń ru ẹ̀bi tìrẹ. Ó lè jẹ́ ìyàwó tí o jẹ́ kó gbà pé òun ni kò lè bímọ. Ó lè jẹ́ ọmọ tó rò pé nítorí òun ni ilé ṣe tú. Ìwọ mọ òtítọ́, Ọlọ́run náà sì mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè ru ẹ̀bi ẹlòmíràn, ó sì ti rù ú lórí àgbélébùú. Jésù ni. Má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn tún máa rù ú fún ọ. Má sọ pé ó di ọ̀la, nítorí tàdáwà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: Olúwa, èmi ni.

Bí o bá ti dìde, lọ bá ẹni náà. Ó ṣì jókòó sórí àga, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń dúró dè ọ́.