Kẹ̀kẹ́ Oreste Lẹ́bàá Odi Ferrara

Táyà kẹ̀kẹ́ Fosca ti jò, ọkọ̀ ojú irin kò sì ní í dúró dè é. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra fa kẹ̀kẹ́ Oreste, bàbá rẹ̀ àgbà, jáde, ó sì gùn ún wọ inú kùrukùru lọ.

Ó ti parọ́ fún ìyá rẹ̀ pé ilé ìkàwé lòun ń lọ, bẹ́ẹ̀ ìlú Mílàn ló ń lọ. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń gbé ibẹ̀ ní kó wá parí ilé ìwé girama lọ́dọ̀ òun, ó sì ń retí èsì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ferrara ti sú Fosca. Irú ìlú wo nìyí? Bó o bá húkọ́ nídìí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, kó o tó délé, wọ́n ti ń bi ìyá rẹ bóyá ara ọmọ ti yá. Kó tó fèsì, ó fẹ́ mọ bó ṣe ń rí kéèyàn rìn láàárín èrò láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Kí wọ́n má bàa rí i, ó fi kẹ̀kẹ́ náà ti ara odi ìlú, tí àwọn èèyàn máa ń rìn lórí rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù dé ibùdókọ̀ ojú irin.

Mílàn dùn ún wò lóòótọ́. Ó rìn, ó yà síbí, ó yà sọ́hùn-ún. Ó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn kan, orúnkún rẹ̀ bó, èrò kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. "Ohun tí mo fẹ́ náà nìyí," ló sọ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dùn lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó fi padà dé, ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́. Iná tọ́ọ̀ṣì ń tàn káàkiri lórí odi. Iride, oníbúrẹ́dì àdúgbò wọn, yọ sí i, ó ń ti kẹ̀kẹ́ bàbá àgbà bọ̀.

"Fosca! Kẹ̀kẹ́ Oreste la rí, a ò rí Oreste. A délé yín, kò sí ńbẹ̀. Kó má lọ jẹ́ pé ó ti já bọ́ látorí odi o!"

Àyà Fosca já. Ní Ferrara, ẹni tó bá rí kẹ̀kẹ́ rẹ ti rí ẹ. Ó sáré gun orí odi, ó ń sunkún, ó sì lọ kọlu ọkùnrin kan tó mú tọ́ọ̀ṣì dání.

"Rọra, ọmọ! Ṣé o rí bàbá arúgbó kan lọ́nà?"

Oreste fúnra rẹ̀ ni.

"Bàbá àgbà! Ta lẹ̀ ń wá?"

"Wọ́n ní arúgbó kan sọ nù. Mo mú fìlà mi, mo bá wọn jáde."

"Ẹ̀yin mà ni wọ́n ń wá! Ẹ ò tiẹ̀ bèèrè orúkọ ẹ̀?"

"Ṣé ó dìgbà téèyàn bá gbọ́ orúkọ kó tó wá ẹni tó sọ nù?"

Ẹ̀rín pa Fosca pọ̀ mọ́ ẹkún. Nígbà tí Iride àti àwọn aládùúgbò dé bá wọn, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lójú wọn, ojú sì tì í gidigidi.

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a," ni Oreste wí. "Tìẹ ò tiẹ̀ rójú sùn síta."

"Ọmọ burúkú!" Iride jágbe. "Otútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá! Láti ọ̀la lọ, wàá máa wá gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi láràárọ̀ kó o tó lọ sílé ìwé. Ó yá, dúró ná. Kí ló ṣe orúnkún ẹ?"

Nínú kùrukùru, nínú ìbínú, Iride rí orúnkún tí ẹnikẹ́ni ò wò ní Mílàn.

Fosca pe àbúrò ìyá rẹ̀ ní Mílàn lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dúpẹ́, ó ní òun ò wá mọ́. Ó ti kọ́gbọ́n pé irọ́ ẹnì kan lè da odidi àdúgbò síta, àti pé ìlú tó mọ kẹ̀kẹ́ rẹ kò ní í jẹ́ kó o sọ nù.