Káàdì Kan, Yàrá Méjì

Iná dé lójijì sí Àlàbá, ọjà ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ l'Ékòó, gbogbo tẹlifíṣọ̀n tó wà ní ìlà ṣọ́ọ̀bù kan sì tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjà hó yèè: "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Gbogbo ojú yí sí àwòrán. Ẹni méjì péré ni kò wò ó, Mùsílíù tó dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àti ọmọbìnrin adúmáadán kan tí èrò há mọ́ òdìkejì ọ̀nà. Ara wọn ni wọ́n ń wò.

"Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ yín pa síbẹ̀ o! Ẹ sọdá, ohun tẹ́ ẹ ń wá wà níbí."

"Ẹ mọ ohun tí mò ń wá ni?"

"Ẹ ṣáà sọ ọ́. Tí n ò bá ní in, mo máa lọ bí i."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín láìfẹ́ rín in. Adéfúnkẹ́ lorúkọ rẹ̀, Ìbà ló ń gbé. Túnà ló fẹ́ rà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà kó lè máa gba tẹlifíṣọ̀n láti ojú díìṣì.

Mùsílíù kó mẹ́ta kalẹ̀. "Èyí ò wọ́n, àmọ́ kò ní ojú tí káàdì ìkànnì olówó ń wọ̀, ìkànnì ọ̀fẹ́ nìkan ló ń mú. Tọ̀hún ní ojú káàdì, inú kọ̀ǹpútà ńlá ló ń wọ̀. Irú wo lẹ ní?"

"Lápùtọ́ọ̀pù dádì mi ni."

"Ẹ mú ẹ̀kẹta nìyẹn. Ìta ló ń wà, ó ní ojú káàdì, ó sì lè gba àwòrán sílẹ̀." Kò tíì fà á lé e lọ́wọ́. "Káàdì mélòó ló wà nílé yín?"

"Ọ̀kan."

"Tó bá ti wọ ibí, tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ á fọ́jú o."

Ojú Adéfúnkẹ́ rẹ̀wẹ̀sì. "Dádì mọ̀. Èyí tó lè gba àwòrán sílẹ̀ ni wọ́n ní kí n rà."

Nígbà tí Mùsílíù dé Ìbà láti wá so ó, ìyá Adéfúnkẹ́ fúnra rẹ̀ ló fa káàdì yọ lára dìkóódà, ó jù ú sórí tábìlì. "Ṣé ìwọ ni wọ́n rán wá pín ilé yìí?"

Ilé náà ti pín tipẹ́. Dámilọ́lá, àkọ́bí wọn, fẹ́ lọ sókè òkun. Ìyá ta góòlù rẹ̀ fún un, kò sọ fún bàbá. Ọmọ gba aṣálẹ̀ dé Líbíà, ó pè pé àwọn fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹnikẹ́ni ò sì gbóhùn rẹ̀ mọ́. Bàbá, ọmọ Èkìtì, olùkọ́ yunifásítì tó ti fẹ̀yìn tì, sọ gbólóhùn kan péré fún ìyàwó rẹ̀: "O ti ta ọmọ mi." Ó wọ yàrá lọ, ó tilẹ̀kùn.

Òjò ló ṣe alárinà Mùsílíù àti Adéfúnkẹ́. Bó bá ti rọ̀ tí àwòrán já, Adéfúnkẹ́ á pè é. Nígbà tó yá, kò dúró de òjò mọ́.

"Ọyẹ́ ń fẹ́, ìwọ ń pariwo òjò," Mùsílíù á ní.

"Ṣé kí n má pè mọ́ ni?"

"Pè, ààyò mi. Pè títí bátìrì á fi kú."

Àmọ́ lọ́jọ́ tí Mùsílíù lọ tọrọ rẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni bàbá ti dáhùn. "Ọmọ tí mo rán ní yunifásítì? Kó lọ fẹ́ ẹni tó ń ta wáyà l'Álàbá, Mùsùlùmí? Láéláé!"

Ìyá pariwo láti pálọ̀, ó fẹ́ kó dé etí ẹni tó wà nínú yàrá. "Èmi fọwọ́ sí i! Máa mú un lọ lọ́la!"

Adéfúnkẹ́ sin ín dé géètì. Kò sunkún. "Wọn ò fi mí fún ẹ, Mùsílíù. Ńṣe ni wọ́n ń fi mí sọ ara wọn lókò. Àfi tí wọ́n bá jókòó pọ̀ gba ìwé ìtọrọ lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ, mi ò lọ."

"Tí wọn ò bá jókòó pọ̀ láéláé ńkọ́?"

"Kó o wá ẹlòmíì fẹ́."

"Fúnkẹ́, ọkàn ẹ le o."

Ó bínú lọ. Òjò rọ̀ títí, ẹnikẹ́ni ò pe ẹnìkejì.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló wá pe Mùsílíù. Ẹ̀rọ ò gba àwòrán sílẹ̀ mọ́. Kò wù ú láti lọ, ṣùgbọ́n àgbà ló pè é.

"Dádì, inú kọ̀ǹpútà ló kún. Kí la máa pa rẹ́ níbẹ̀?"

"Má pa nǹkan kan rẹ́!"

Mùsílíù ṣí ọ̀kan wò. Ìròyìn òkè òkun ni: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń fà jáde látinú òkun, aṣọ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wà lọ́rùn wọn. Ó ṣí òmíràn, bákan náà ni. Ó yé e.

"Dámilọ́lá lẹ ń wá."

"Tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ ò ṣeé dá dúró," ni bàbá wí. "Ojú wọn ń sáré kọjá. Níbí, mo lè dá a dúró, kí n wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Mọ́mì rò pé ẹ kórìíra àwọn lẹ ṣe wọ yàrá."

"Mo kórìíra rẹ̀ lóòótọ́, níbẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, tó bá rí èyí, kò ní lè sùn mọ́. Kó kúkú máa bínú sí mi."

Mùsílíù dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. "Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ wá."

Ìyá wọlé, ó rí àwòrán náà. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá tẹ ẹ̀rọ, ojú kan dúró. Ìyá mi orí. Bàbá tún tẹ̀ ẹ́. Ìyá tún mi orí. Títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò rí ọmọ wọn. Ẹnu ọ̀nà ni Adéfúnkẹ́ dúró sí tó ń sunkún. Mùsílíù ò gbójúgbóyà láti dì í mú níwájú àwọn òbí rẹ̀. Ó kàn dúró tì í, títí èjìká rẹ̀ fi kan tirẹ̀.

Nígbà tó ń lọ, bàbá tẹ̀ lé e síta. "Sọ fáwọn èèyàn ẹ kí wọ́n wá."

"Mùsùlùmí ni mí o, sà."

"Mo gbọ́. Mi ò lágbára àtipàdánù ọmọ méjì."

Lọ́jọ́ ìtọrọ, Bàrákátù, ìyá Mùsílíù, àti Làmídì, àbúrò bàbá rẹ̀, kó ẹbí wọn wá láti Ọ̀jọ́. Làmídì na ìwé náà sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ nǹkan kan nípa Dámilọ́lá. "Ẹ̀gbọ́n ìyàwó dà, kó wá gbàwé?"

Adéfúnkẹ́ tẹ orí ba.

Bàbá dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà, kò ṣí i. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tó ń fi etí gèlè nu ojú.

"Ìyá Dámilọ́lá," ó pè é, ó sì na ìwé náà sí i, "bá ọmọ wa gbà á."