Ọwọ́ Tó Ń Ja Arúgbó Lólè

Ẹni tó bá gbọ́ ohun tí Émile ń ṣe yóò tutọ́ sílẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira Tógò, ìjọ kan dá ilé sílẹ̀ lẹ́bàá Agbonou fún àwọn arúgbó tí kò ní alábòójútó nítòsí. Émile ni wọ́n gbà kó máa tọ́jú wọn. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ wọn, òun náà ló sì ń jí ẹrù wọn.

Bó bá ti gbé arúgbó kan dé balùwẹ̀, á sáré padà wá tú àpótí rẹ̀. Ṣúgà tí ọmọ fi ránṣẹ́ síyàá, á kó o. Owó tí wọ́n so mọ́ etí aṣọ, á tú u. Bí wọ́n bá béèrè, á rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti gbàgbé ni, Màmá. Ẹ̀yin náà lẹ jẹ ẹ́ tán lánàá."

Ta ló sì ń gba ọ̀rọ̀ arúgbó gbọ́?

Màmá Léonie ní aṣọ funfun kan tó ń tọ́jú de ọjọ́ ikú rẹ̀. Émile jí i, ó lọ tà á ní Notsé. Nígbà tí màmá náà kú, aṣọ ibùsùn tó ti gbó ni wọ́n fi dì í. Émile gan-an ló dì í, ojú ò sì tì í.

Philippe, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń dáná nílé náà, fura sí i. "Émile, Jésù ń gba olè là, ṣùgbọ́n kì í bá olè pín ohun tó jí. Jáwọ́."

Émile pòṣé. "Òkú ọ̀la ni wọ́n. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹrù ṣe?"

Ọyẹ́ dé. Émile ká kúbùsù tó nípọn lórí ibùsùn Bàbá Maurice, òṣìṣẹ́ réluwé àtijọ́, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá tó bí i ní Moretan. Bàbá ń wúkọ́, ó ń gbọ̀n.

Ọyẹ́ ò tíì lọ tí àrùn fi rọ ìyá Émile lápá kan, lẹ́sẹ̀ kan. Àwọn ẹbí gbé e wá sílé náà kí ọmọ rẹ̀ lè máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá Maurice nìkan ni ibùsùn ṣófo sí.

Bàbá rí kúbùsù lára rẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Ìyá, níbo lẹ ti rí kúbùsù mi? Ọmọ mi obìnrin ló fi òwú pupa rán etí rẹ̀."

"Émile ọmọ mi ló..." Ìyá wo ojú ọmọ rẹ̀. Émile yí ojú kúrò.

Ìyá fi ọwọ́ kan tó kù fún un ti kúbùsù náà sílẹ̀. "Ẹ gbé e kúrò lára mi! Ṣé ọmú mi lo mu dàgbà tí o fi ń bọ́ aṣọ lára arúgbó? Má fi ọwọ́ yẹn kàn mí!" Nígbà tí Émile gbé oúnjẹ dé, ìyá pa ẹnu dé. Philippe ló wá bọ́ ọ.

Émile lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó bì. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ náà rí i lára.

"Philippe, mo ń rùn."

"Òórùn yẹn ni ẹ̀jẹ̀ Jésù ń wẹ̀ nù. Jẹ́wọ́ fún un, kí o sì dá ohun olóhun padà."

Émile wólẹ̀ nínú eérú, ó ké pe Kristi bí ọmọ tó sọnù. Ó dìde, ó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ilé, ó kó ohun tó kù padà, ó sì ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti fi san owó àwọn èyí tó ti tà. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Maurice dárí jì í. Ìyá rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, òun náà dárí jì í. Ṣùgbọ́n Màmá Léonie ti wọ sàréè, kò sí ẹni tí yóò gba aṣọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Émile ń sunkún rẹ̀ títí dòní, bó tilẹ̀ mọ̀ pé Olúwa ti dárí jì í.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ìyá àgbà ilé yín dà? Ohun tí wọ́n ní kí o bá a tọ́jú, ṣé ó ṣì pé? Bí ènìyàn ò bá rí ọ, Ọlọ́run rí ọ, ìwà náà sì ń rí I lára. Síbẹ̀ Ó fi Ọmọ Rẹ̀ lélẹ̀ láti kú fún ọ. Má dá ara rẹ láre mọ́, má ṣàlàyé. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, jẹ́wọ́ fún Jésù lónìí, nígbà tí ẹni tí o ṣẹ̀ ṣì wà láàyè.