Pákó Tó Gba Nọ́ńbà Ìwé

Pákó ni Mojírádé, òṣìṣẹ́ láíbìrì, bá nínú bébà tó yẹ kí ìwé wà. Pákó gidi o, tí wọ́n rẹ́ ní sọ́ọ̀mìlì, tó ṣì ń rùn bí igi tútù, tí wọ́n fi bébà wé mọ́lẹ̀ dáadáa, tí wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ lẹ́yìn.

Tíṣà kan ló wá bèèrè ìwé kẹ́mísírì. Mojírádé ní wọ́n ti ní kí àwọn má tú u. Tíṣà ní ọ̀la ni ìdánwò. Ni Mojírádé bá fi èékánná ya bébà.

"Ugi!" ló fi èdè Èkìtì pariwo. "Ẹ gbà mí o, ugi ni!"

Ó tú èkejì: pákó. Ó tú ẹ̀kẹta: pákó. Kó tó dé ìparí ṣẹ́ẹ̀fù, pákó méjìlélógójì ló ti wà nílẹ̀. Ó tó láti fi kan ilé adìẹ.

Báwo ni igi ṣe wọ láíbìrì? Ẹ fara balẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tí ì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà lójú ọ̀nà tó ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀. Òun àti méjì mìíràn, ọ̀kan ní Èmùré, ọ̀kan ní Ògòtún, fẹ́ jọ máa lo sọ́fítíwià kan náà fún láíbìrì wọn, kí ẹni tó jókòó sí Ògòtún lè mọ ìwé tó wà ní Èmùré. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Ẹni tó wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́nfígọ̀ rẹ̀, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń tò ó sórí kọ̀ǹpútà, ni kò dáa. Kọnsọ́tántì Daniel Bámijókò lorúkọ ẹ̀: táì pupa, bàtà ẹnu ṣóńṣó, dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lápò àyà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ́ wọn. Kí ló kọ́ wọn? Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pa á. Láàárín méjèèjì, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Tẹ́nì kan bá bèèrè ọ̀rọ̀, á ní, "Ìyẹn ti ga ju kíláàsì yìí lọ." Ọ̀gá láíbìrì, Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel Fálẹ́yẹ, onídìgírì méjì, á máa mi orí bí aláǹgbá. Bámijókò wá ní ìwé tí wọ́n bá ti tẹ nọ́ńbà rẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n wé e, kí ẹnikẹ́ni má tú u fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí kọ́nfígọ̀ má baà bàjẹ́. Géètìmáànù ò ní gba irú ẹ̀ gbọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé gbà á, wọ́n tún kọ ọ́ sí nóòtù.

Fálẹ́yẹ wo òkìtì pákó, ó wo Mojírádé.

"Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Ọwọ́ ta tún ni?"

"Ẹ̀yin náà ní ọ̀kan, sà."

"Tèmi ò kúrò lápò mi rí! Ta ló wá kù?"

Fálẹ́yẹ nàka sí i.

"Ó di ọjọ́ Ajé. Ìwé ò bá padà, ìwọ lo máa lọ. Ọlọ́pàá á sì bá ọ délé."

Ọdún méjìdínlógún ni Mojírádé ti ń to ìwé níbẹ̀. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ wọn n'Íkẹ́rẹ́ ní "Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè" láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ojú wo ló máa fi kọ́ wọn mọ́?

Ó rántí pé Bámijókò, ẹni tó ní kí wọ́n wé ìwé, ti sọ pé Èmùré ló kàn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ki pákó kan bọ àpò, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ bá Sájẹ́ǹtì Hannah.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Síbo, Mọ̀mí?"

"Ọ̀dọ̀ ẹni tó ni pákó yìí."

Wọ́n bá Bámijókò ní kíláàsì ní Èmùré. Ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà. Ó tajú kán rí aṣọ ọlọ́pàá, ó gba ojú fèrèsé jáde. Táì pupa há. Ó bọ́ ọ sílẹ̀ fún fèrèsé, ó kó sínú Dásọ́ọ̀nù rẹ̀. Ọkọ̀ kọ̀, kò ṣíná.

"Ẹ bá mi tì í!" ló pariwo.

Ẹ wá wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tàgbàtàgbà, tí wọ́n fi àyà ti mọ́tò olè! Mọ́tò ṣíná. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Sájẹ́ǹtì àti Mojírádé fò sórí ọ̀kadà kan. Ọwọ́ wọn ò bá tó o, àfi bí lọ́rì tó kó gedú ṣe dojú dé, tó dí ọ̀nà Ìsẹ̀ pa. Igi ni Bámijókò fi jalè, igi náà ló dá a dúró.

Wọ́n ṣí búùtù. Ìwé méjìlélógójì.

"Ìwé mi ni," ni Bámijókò wí. "Ṣé ẹ rí sítáǹpù láíbìrì kankan níbẹ̀?"

Sájẹ́ǹtì wò ó. Wọ́n ti ya ojú-ewé iwájú. Wọ́n ti ya tẹ̀yìn. Wọ́n ti ha nọ́ńbà kúrò lára gbogbo wọn.

"Mọ̀mí, kò sí sítáǹpù o."

"Màá pè yín lẹ́jọ́! Mo mọ ọ̀gá yín l'Ádó! Aṣọ yẹn máa kúrò lọ́rùn yín!"

Ọwọ́ Sájẹ́ǹtì dẹ̀ díẹ̀. Ni Mojírádé bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá kọnsọ́tántì, ẹ jẹ́ n bi yín ní ìbéèrè ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ibo ni láíbìrì máa ń lu sítáǹpù sí?"

"Iwájú."

"Ibo tún ni?"

"Ẹ̀yìn."

"Ibo tún ni?"

"Ìyẹn... ìyẹn ti ga ju..."

"Kò ga rárá. Ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta gbálẹ̀ ní láíbìrì mọ̀ ọ́n. Láíbìrì kọ̀ọ̀kan ló ní ojú-ewé kan tó ń fi sítáǹpù pamọ́ sí. Ojú-ewé kọkànlélọ́gbọ̀n ni tiwa. Sájẹ́ǹtì, ẹ ṣí i."

Sájẹ́ǹtì ṣí i. Sítáǹpù aláwọ̀ aró, róbótó. Ó ṣí òmíràn: ó wà níbẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì dún lọ́wọ́ Bámijókò.

Kí wọ́n tó mú Bámijókò dé àgọ́ ọlọ́pàá, Fálẹ́yẹ ti múra wá síbẹ̀, ó rò pé Mojírádé ni wọ́n mú.

"Kí niṣẹ́ rẹ gan-an?" ni Sájẹ́ǹtì bi Bámijókò.

"Akọ̀wé sọ́ọ̀mìlì ni mí tẹ́lẹ̀, l'Ógòtún. Wọ́n lé mi."

"Báwo lo ṣe ń wọ láíbìrì tí gbogbo wọn bá ti lọ?"

Ó nawọ́ sí Fálẹ́yẹ. "Wọ́n yá mi ní kọ́kọ́rọ́ wọn. Mo ṣèlérí pé màá sọ wọ́n di ọ̀gá láíbìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Sájẹ́ǹtì, tí Mojírádé ti ròyìn gbogbo ẹ̀ fún, yíjú sí Fálẹ́yẹ. "Ọ̀gá, ṣebí kò kúrò lápò yín rí?"

"Mo... mo gbàgbé ni."

"Ẹ lọ jókòó tì í, kẹ́ ẹ rántí."

Orí bẹ́ǹṣì kan náà làwọn méjèèjì jókòó sí. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú Mojírádé. Ó fi gèlè nù ún.

Lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n ní kó lọ, òun ló ṣílẹ̀kùn láíbìrì. Kọ́kọ́rọ́ kejì pàápàá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó to ìwé padà sáyè wọn. Pákó kan ṣoṣo ló mú pamọ́, ó sì kọ káàdì fún un, bó ṣe ń kọ ti gbogbo ìwé:

Òǹkọ̀wé: Bámijókò, Daniel. Olóòtú: Fálẹ́yẹ, Ezekiel. Àkọlé: Kọ́nfígọ̀. Kò ṣeé yá lọ sílé.

Ó gbé sítáǹpù. Ó wá ojú-ewé kọkànlélọ́gbọ̀n lára pákó, kò rí i. Ló bá lù ú mọ́ ọn níwájú, gbàà!