Ọtí Ìtọrọ Tó Dì Mọ́ Ìgò

Ọjọ́ tí Yangji kọ́kọ́ fojú kan Gyalbu, èébú ló fi kí i. Gyalbu ń kó àlejò mẹ́rin gun orí òkè Lamjo lẹ́yìn tí oòrùn ti kọjá àtàrí, tí yìnyín àná sì mu èèyàn dé orúnkún. Yangji ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú obìnrin òyìnbó méjì tó ti mú rìn láti àárọ̀. Ó wo bàtà àwọn àlejò náà, ó wá wo ojú ẹni tó kó wọn wá.

"Ìwọ, ṣé o fẹ́ mú wọn rìn ni, àbí o fẹ́ lọ sin wọ́n?"

"Arábìnrin, ẹ kú ìrìn o. Èèyàn a máa kọ́kọ́ kíra."

"Má kí mi! Bàtà tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lo fi kó ọmọ ọlọ́mọ wọ inú yìnyín. Tí ìka ẹsẹ̀ wọn bá dúdú, ṣé ìyá rẹ ló máa tọ́jú ẹ̀?"

"Kí ló kan ìyá mi? Ìyá mi ò sí níbí."

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ má wá ni. Ojú ń tì í nítorí ohun tó bí."

Gyalbu bú sẹ́rìn-ín, ìyẹn ló wá dá kún ìbínú Yangji. Ó dá gbogbo wọn padà sí Tungmo, abúlé tirẹ̀, sí ilé àlejò bàbá rẹ̀, ó jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi yá iná, tí wọ́n sì mu ọbẹ̀ ọ̀dùnkún gbígbóná. Kò bá Gyalbu sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, Yangji kì í ṣe onísùúrù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ yá jù ú lọ. Àwọn ọkùnrin abúlé máa ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá tí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú ilé.

Gyalbu ò gba ẹ̀yìnkùlé. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún gòkè láti Salmo, abúlé tirẹ̀ nísàlẹ̀, ìrìn ọjọ́ méjì nígbà òtútù. Gbogbo àlejò rẹ̀ ló wọ bàtà gidi, wọ́n sì so irin oníṣóńṣó mọ́ ọn lábẹ́, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè fún Yangji kó yẹ̀ ẹ́ wò. Yangji yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí ohun tó máa bú, inú sì tún bí i.

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìgbà òtútù méjì ni wọ́n fi ń pàdé lójú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ ìrìn àárọ̀-sí-ìrọ̀lẹ́, wọn a pàdé ní Lamjo. Bí ó bá jẹ́ ìrìn àsùn-mọ́jú, wọn a pàdé nínú ahéré òkúta àwọn darandaran, tó wà ní agbedeméjì Salmo àti Tungmo. Wọn a jà lórí ibi tí wọ́n máa dáná sí, wọn a jà lórí ẹni tó máa lọ yọ́ yìnyín fún omi tíì. Nígbà tí àlejò bá sùn tán, wọn a wá máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ata wẹẹrẹ mi," ni Gyalbu máa ń pè é. "Kékeré báyìí, o sì ń ta gbogbo ayé lẹ́nu."

"Tutọ́ dànù, tí mo bá ta ọ́ jù."

"Láéláé. Mo ti gbé e mì."

Bàbá Yangji, Lhundup, ni kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Gyalbu. Ọmọ méjì péré ló bí. Karsang, ọkùnrin tó jẹ́ àkọ́bí, òun náà ń mú àlejò gòkè. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, yìnyín ya lulẹ̀ ní Lamjo, ó sì gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà, Lhundup ò fẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà òkè mọ́ nígbà òtútù. Ó máa ń dúró lẹ́nu géètì ni, á máa ka àwọn tó padà bọ̀.

"Òkè yẹn ti jẹ ọmọ mi kan," ló sọ fún Yangji. "O wá fẹ́ fẹ́ ẹni tó ń sùn sórí rẹ̀, kó máa mú ọ lọ gbé Salmo. Mi ò ní fi ìwọ ṣe èènì fún òkè."

Doma, ìyá Yangji, ló bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi ń dùn ún. Ó ní kí àwọn èèyàn ọmọ náà ṣáà gbé ọtí ìtọrọ wá ná. Láàárín àwọn Ṣẹ́pà, ẹ̀yà tiwọn, ọtí náà ló ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀: ìdílé ọkọ á pọn ọtí jéró, wọn á lẹ bọ́tà mọ́ ọrùn ìgò, wọn á gbé e síwájú bàbá ọmọ. Bó bá mu ún, ó ti fọmọ fún wọn nìyẹn. Lhundup gbà tipátipá, lámà, àlùfáà abúlé, sì mú ọjọ́ tó dára.

Ọjọ́ náà pé. Gyalbu dé pẹ̀lú Phenjo, àbúrò ìyá rẹ̀, tó máa bá a sọ̀rọ̀. Ó tún kó àlejò méjì dání, nítorí kò fẹ́ kí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ òun. Àwọn àgbà jókòó, Yangji dúró sẹ́yìn ìdáná.

Phenjo kí wọn, ó ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. A ti gun òkè dé, Bàbá." Ó wá tú aṣọ tí wọ́n fi wé ìgò náà.

Ìgò ti là láti ọrùn dé ìdí. Ọtí inú rẹ̀ dì gbagidi, bọ́tà sì wà lọ́rùn ìgò níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Lhundup na ìka, ó kan yìnyín náà.

"Kí lẹ ní kí n ṣe sí eléyìí? Kí n gé e jẹ?"

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Phenjo wí, "òtútù ahéré ni..."

"Ẹ gbé e padà. Ọtí tó pa ìgò ara rẹ̀ kì í wọ inú ilé ẹni tó ti sin ọmọ."

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò rò pé òun lè bá wọn tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ó sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé Gyalbu ṣèèyàn púpọ̀, pé kódà inú àpò ìsùn rẹ̀ ló tọ́jú ìgò omi àwọn sí mọ́jú, kó má baà dì. Yangji nìkan ló gbọ́ ọ nínú àwọn ará ilé. Ó kúrò lẹ́yìn ìdáná.

"Ìgò omi mélòó ló sùn tì ọ́?"

Gyalbu wolẹ̀. "Mẹ́rin."

"Mẹ́rin! Ìkarùn-ún ò wá rí àyè?"

"Ata mi, iṣẹ́ ni. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn, omi àlejò ni mo máa ń kó wọlé. Mi ò rò ó."

"Òótọ́ lo sọ. O ò rò ó. O gbé omi lásán mọ́ra, o gbé mi síta fún òtútù. Jáde nílé bàbá mi!"

Wọ́n jáde. Òfin ni pé ìdílé tí ọtí rẹ̀ bàjẹ́ ò gbọ́dọ̀ gbé òmíràn lọ sílé kan náà títí ọdún tuntun á fi wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Lhundup ránṣẹ́ sí oníṣòwò kápẹ́ẹ̀tì kan ní Kathmandu, tí ọmọ rẹ̀ ò gun ohunkóhun rí ju àtẹ̀gùn ilé wọn lọ. Wọ́n ní àwọn á gbé ọtí tiwọn dé lọ́jọ́ kẹwàá.

Yangji ò jẹun dáadáa. Ó ń fọ́ igi bí ẹni pé igi ló ṣẹ̀ ẹ́. Gyalbu ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dá ẹ̀bẹ̀ náà padà lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ta lò ń bínú sí gan-an?" ni Doma bi í.

"Gbogbo yín! Bàbá tó ń tà mí fún oníkápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dákẹ́. Gyalbu tí ò ní làákàyè. Karsang pàápàá, tó lọ kú."

Ó bú sẹ́kún. Doma dì í mú.

Lọ́jọ́ keje, Yangji yọ́ lọ sídìí àmù ọtí ìyá rẹ̀, ó rọ ìgò kan kún. Òfin ka ilé Gyalbu léèwọ̀, kò ka ilé tiwọn léèwọ̀. Ilé tí kò ní ọmọkùnrin lè lọ tọrọ ọmọkùnrin nílé ẹlòmíràn, kó wá di makpa, ọkọ tó wá ń gbé nílé àna rẹ̀. Bàbá ló máa ń lọ tọrọ makpa. A ò gbọ́ ọ rí kí ọmọbìnrin gbé ọtí náà fúnra rẹ̀. Doma rí i, ó gé bọ́tà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn ìgò náà.

Ahéré òkúta ni Yangji sùn, òun nìkan, ìgò náà wà ní àyà rẹ̀ nínú àpò ìsùn. Òtútù náà lè pa ẹṣin. Ó ń ṣépè fún Gyalbu títí oorun fi gbé e lọ. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó wọ àgbàlá ìyá Gyalbu, tó jẹ́ opó, ní Salmo. Ìyá náà ń fún màlúù ní koríko.

"Ẹ kú ọ̀sán, Màmá. Ọtí ìtọrọ ni mo gbé wá."

"Ta ló rán ọ, ọmọ mi?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Ilé wa ò ní ọmọkùnrin. Ẹ̀yin ní mẹ́ta. Ẹ fún wa ní ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ èyí tí orí rẹ̀ ò pé."

Gyalbu ti jáde síta. Ojú rẹ̀ ń gbóná.

"Makpa? Yangji, gbogbo Salmo á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní mo tẹ̀lé obìnrin lọ sílé bí ajá tó tẹ̀lé olóúnjẹ."

"Kí wọ́n máa wí. Nígbà tí ìgò ọtí mi là sí méjì lójú gbogbo àgbà Tungmo, ta ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ìtìjú ni fún ọkùnrin."

"Gyalbu, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Inú ń bí mi sí ọ débi pé eyín ń dùn mí, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ọtí yìí ò dì. Gbà á, àbí kí n dà á fún màlúù kí n sì máa lọ fẹ́ oníkápẹ́ẹ̀tì."

Omi bọ́ lójú Gyalbu. "Màmá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ mú ife wá."

Ìyá náà mú ife, ó bu ọtí sí i. Bó ṣe fẹ́ gbé e sẹ́nu ni géètì ṣí gbàgà. Lhundup ló wọlé, yìnyín bò ó dé ìbàdí, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó ń mí gúlegúle. Ó ti ń tọ ipa ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ láti àná, ó sì sùn lábẹ́ àpáta kan lókè ahéré, níbi tó ti lè máa wo ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ta ló ní kí o dá sùn lórí òkè yẹn? Ta ló rán ọ lọ fi ilé mi tọrọ ọkọ?"

"Bàbá, ẹ ò bá..."

"Dákẹ́!" Ó yíjú sí Gyalbu. "Ìwọ! Tí mo bá ní yìnyín ti pọ̀ jù, pé kò sẹ́ni tó máa gòkè, tí àlejò rẹ wá ń sunkún ńkọ́?"

"Kí wọ́n máa sunkún, Bàbá. Mi ò ní lọ."

Lhundup jókòó sórí ògiri òkúta. Ìyá Gyalbu di ife náà mú, kò mọ̀ bóyá kóun gbé e sílẹ̀. Ọkùnrin àgbà náà ṣí fìlà lórí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí ìyá náà, bí baba tó wá tọrọ makpa ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá," ló wí, "ẹ mu ún. Mi ò ní ọmọkùnrin."

Ìyá Gyalbu gbé ife sẹ́nu, ó sì mu ún tán.