Ẹlẹ́dẹ̀ Tó Jẹ Ẹja Rebecca

Èéfín nìwà. Bí o bá tì í mọ́ inú yàrá, yóò gba abẹ́ òrùlé jáde lọ ròyìn rẹ fún aládùúgbò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìfẹ́ rí, pàápàá ìfẹ́ ọkùnrin onítìjú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ti Mákánjúọlá ṣe rú jáde.

Ọmọ Ìsánlú nílẹ̀ Yàgbà ni Mákánjúọlá. Ní ọdún 1979, nígbà tí Lọ́kọ́ja ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, òṣìṣẹ́ àgírìkì ni níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé e lọ́wọ́ ni kí ó máa kọ́ àwọn ará abúlé Ganaja bí a ṣe ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ láti kékeré títí dé ojú ọ̀bẹ. Kí wọ́n má baà sọ pé ẹnu nìkan ló ní, òun náà kọ́ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé tí ó háyà ní àdúgbò Adankolo.

Èérún ẹja gbígbẹ ló lọ rà ní ọjà etí odò lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ rí Rebecca. Ọmọbìnrin náà jókòó ti agbọ̀n ẹja rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin bí ẹni tó ń lé àwọn onígbèsè. Mákánjúọlá kí i bí àwọn ará Okun ṣe ń kíra wọn.

"Okun o, arábìnrin. Èérún ni mo fẹ́, èyí tó wà nísàlẹ̀ agbọ̀n."

"Okun o, ọ̀gá. Odidi ẹja wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ ń bèèrè èérún? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Àwọn ọmọ mi ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já wọn lẹ́nu ọmú."

Rebecca dá abẹ̀bẹ̀ dúró. "Ẹ̀yin lẹ já wọn lẹ́nu ọmú? Ìyá wọn ńkọ́?"

"Mo ti lé e lọ sí yàrá kejì. Ó ti gbẹ tán. Mẹ́sàn-án ló bí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Yéè! Jésù mi!" Ìyá kan tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ká ọwọ́ lérí. "Obìnrin bí mẹ́sàn-án, o sì lé e jáde!"

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni o!" Mákánjúọlá kígbe, òógùn ti bò ó. "Ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń sọ! Èmi ò tíì gbéyàwó!"

Rebecca rẹ́rìn-ín títí agbọ̀n fi fẹ́ dojú dé. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ẹlẹ́dẹ̀, mo gbọ́. Èyí tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn, ta ló bi yín?"

Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ ti wọ Mákánjúọlá lára, bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe ń wọ ilẹ̀ tó ti sán. Ọjà kò ná kí ó má dé ibẹ̀. Kò sì mọ ọ̀rọ̀ dídùn kan tí wọ́n ń bá obìnrin sọ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ló mọ̀, òun náà ló ń sọ.

"Ọmọ tó wà lẹ́nu ọmú," ó máa ń wí, "wàrà ìyá rẹ̀ tó o, àmọ́ a ó bu erùpẹ̀ pupa díẹ̀ sí i nílẹ̀ kó máa lá a, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dára."

"Bàbá mi á yọ̀. Ọmọ òkè Agbaja ni, erùpẹ̀ pupa ni gbogbo ogún wọn."

"Tí a bá ti já a lẹ́nu ọmú, ìgbà yẹn ló nílò ẹja, torí ẹran ara rẹ̀ ń hù. Bó bá ṣe ń dàgbà, a ó máa dín ẹja kù, a ó máa fi kúlíkúlí, eèrí àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí a ti sá gbẹ dípò rẹ̀."

"Aláboyún ńkọ́?"

"Aláboyún kò gbọdọ̀ sanra jù. Eèrí àti ewé ọ̀dùnkún ti tó o. Ó di ìgbà tó bá bímọ tán kí a tó tú ọwọ́ sílẹ̀ fún un."

"Háà! Ẹ fẹ́ fi ebi pa aláboyún?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni, Rebecca."

"Mo mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mo kàn ń fi sọ́kàn ni." Ó wo apá ibòmíràn. "Èyí tó bá ku díẹ̀ kí a pa á ńkọ́?"

 Èyí ni òfin tí Mákánjúọlá ń tẹnu mọ́ jù fún àwọn ará Ganaja. "Ìyẹn ò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹja rárá. Ó yẹ ká ti gba ẹja lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kó tó di ọjọ́ ọ̀bẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹran rẹ̀ á máa rùn bí ẹja."

"Àwọn tiyín ti dàgbà báyìí. Ẹ ò ní wá mọ́ nìyẹn."

"Tèmi?" Mákánjúọlá sáré yọ owó ẹja. "Tèmi kì í tètè kúrò lẹ́nu ẹja."

Irọ́ ni. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Rebecca ni bàbá rẹ̀, Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́, máa ń jókòó sí lọ́jọ́ ọjà. Alàgbà ìjọ ni, ojú rẹ̀ sì mú bí ojú àwòdì. Ọkùnrin wo ló máa wá dúró síwájú agbọ̀n ẹja láìra ẹja, tí bàbá olómọge ń wò ó? Mákánjúọlá bá ń rà. Ó rà á títí tí àpò kan fi kún nínú yàrá rẹ̀, tí ológbò Adankolo fi sọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ di ibùsùn.

Sùrájù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí yàrá wọn sì kọjú síra, ló kọ́kọ́ pariwo.

"Mákánjú, èmi kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, mi ò sì torí ẹ̀ bá ọ jà rí. Ṣùgbọ́n gbé ẹja yìí kúrò nílé! Lánàá tí mo ń lọ kírun, ológbò mẹ́ta ló sìn mí dé mọ́ṣáláṣí. Lèmámù ń wò mí bí ẹni tó kó ọmọ wá. Sọ fún ọmọbìnrin náà pé o fẹ́ ẹ!"

"Tó bá kọ̀ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé àwa náà á lè mí nílé yìí."

Mákánjúọlá kò lè da ẹja náà nù, nítorí ọwọ́ Rebecca ló wọ̀n ọ́n. Aláboyún ilé kò sì nílò rẹ̀. Ó ti ta àwọn ọmọ yòókù; ó ku akọ kan tí a ti tẹ̀ lọ́dàá, tó sanra bí àpò òwú, tí a ń tọ́jú de ọjọ́ Ìkórè. Mákánjúọlá sọ ọ́ ní Balógun. Ó bu èérún ẹja sínú ọpọ́n rẹ̀, ó sì ń kì í:

"Balógun, ọ̀jẹ-má-bèèrè-ọbẹ̀,
A-fi-imú-túlẹ̀-bí-ẹni-wá-ìṣúra,
Jẹun, má ròyìn mi.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ló ń wí lójoojúmọ́ títí àpò náà fi gbẹ. Ó bá tún lọ ra òmíràn.

Níkẹyìn, ìtìjú rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ lọ mu omi, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú agbọ̀n. "Rebecca, ẹ̀yinjú mi, kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ ló ń gbé mi wá síbí."

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń pariwo pé ẹ ò tíì gbéyàwó." Ojú rẹ̀ rọ̀. "Èmi náà fẹ́ràn yín. Ẹ lọ rí bàbá mi. Ó ti ń bi mí pé ọkùnrin tó ń jẹ èérún yìí, ṣé kò ní ìyá tó lè se ọbẹ̀ fún un ni?"

Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ìwọ lo ń kọ́ gbogbo Ganaja bí wọ́n ṣe ń bọ́ ẹran. Mo ti rí òṣìṣẹ́ ìjọba púpọ̀ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí ọwọ́ wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan. Pa èyí tí o fọwọ́ ara rẹ bọ́, kí o gbé itan rẹ̀ kan wá fún mi. Bó bá dùn, mo mọ̀ pé o lè tọ́jú ọmọ mi, kí ìyá rẹ wá bá mi sọ̀rọ̀. Bí kò bá dùn, a ó máa kíra wa ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Mákánjúọlá ka àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ lọ́kàn. Balógun nìkan ló tó pa.

Ìyá rẹ̀, Màmá Adéòkè, dé láti Ìsánlú nígbà tí Ìkórè ku ọ̀la. Inú rẹ̀ kò dùn.

"Ọmọ ẹlẹ́ja! Ṣé àwọn ọmọge Yàgbà ti tán nílẹ̀ ni? N ó bá ọ se ẹran, n ó bá ọ gbé e lọ, torí ọmọ mi ni ọ́. Ṣùgbọ́n kí n la ẹnu mi yìí tọrọ ọmọ ẹlẹ́ja lọ́wọ́ bàbá ẹnikẹ́ni? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Lọ́jọ́ Ìkórè, wọ́n pa Balógun. Màmá gbé itan náà kaná pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata. Ó bu omi rẹ̀ tọ́ wò, ó kó ojú jọ. Ó yọ ẹran, ó da omi nù, ó fi eérú fọ ìkòkò, ó tún gbé e kaná. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Ta ló fi ìkòkò mi se ẹja?"

Mákánjúọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wá ibi tí ilẹ̀ yóò ti lanu. Ó jẹ́wọ́ fún wọn. 

Sùrájù ló sọ̀rọ̀ láti ọ̀ọ́kán. "Kò le jù. Lọ ra itan mìíràn lọ́wọ́ àwọn ará Ganaja tí o kọ́. Tiwọn ò ní rùn bí ẹja. Wọ́n gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu."

Mákánjúọlá wọ yàrá, ó kúnlẹ̀. "Olúwa, ìwọ tó sọ omi di wáìnì ní Kánà, ẹran ni mo mú wá, ẹja ló ń jọ..." Ojú tì í kó tó sọ ìyókù. Kì í ṣe Ọlọ́run ló yẹ kó gba ẹja lẹ́nu ẹlẹ́dẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni. Bó ṣe kúnlẹ̀ níbẹ̀ ló hàn sí i nínú ọkàn pé, bó bá fi ẹran ẹlòmíràn gba Rebecca, ẹran ẹlòmíràn ni yóò máa rántí nígbàkígbà tó bá wo ojú rẹ̀. Ó dìde.

"Màmá, ẹ bu tiwa yẹn sínú abọ́. A ti ń lọ."

Sùrájù fi ọkọ̀ ọ́fíìsì gbé wọn lọ sí ilé Rebecca ní Ganaja. Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ gbàdúrà sórí oúnjẹ, ó gùn, Mákánjúọlá sì ń ṣàmín sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bàbá mú ègé kan, ó jẹ ẹ́. Ó dúró. Ó gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Rebecca, ṣé o fọwọ́ kí o tó gbé abọ́ yìí?"

"Mo fọ̀ ọ́, Bàbá."

Ó tún jẹ òmíràn. "Mákánjúọlá, ẹlẹ́dẹ̀ yìí, ṣé inú odò lo ti pa á ni?"

Mákánjúọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹja ni mo fi bọ́ ọ dé ojú ọ̀bẹ."

"O kò mọ̀ pé kò dára ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Èmi náà ni mò ń kọ́ wọn."

"Kí ló wá ṣe ọ́?"

"Bí n kò bá ra ẹja, kí ni n bá sọ pé mo wá ṣe níwájú yín? Nígbà tí mo sì rà á, n kò lè dà á nù. Ọwọ́ Rebecca ló wọ̀n ọ́n."

 Rebecca fi etí ìró nu ojú. Ìfẹ́ àti àánú ló dà pọ̀ mọ́ ọn lọ́kàn.

"Mo yìn ọ́ fún òtítọ́ tí o sọ," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n ẹran kò dùn. Àdéhùn sì ni àdéhùn."

"Kí ni kò dùn?"

Màmá Adéòkè ti dìde. Ó bu ẹran náà, ó jù ú sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn bí ẹni ń jẹ àkàrà. "Kí ni kò dùn níbẹ̀? Mákánjúọlá, ọmọ Yàgbà onílé iyì, ọmọ a-dákẹ́-ṣe-bí-ọba, ọmọ tí kò purọ́ fún mi rí! Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ nítorí ọmọ yín, ẹ ní kò dùn! Ẹ wo ọmọ yín náà! Ẹ wo ojú! Ẹ wo ìdúró! Ta ni yóò rí èyí tí kò ní máa ra ẹja? Ká ní ọkùnrin lèmi ni, ǹ bá ti ra odò yẹn tán!"

"Ìyá Mákánjúọlá," Bàbá wí jẹ́jẹ́, "mo gbọ́ pé ẹ ní ẹ ò fẹ́ ọmọ ẹlẹ́ja."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Sùrájù tó wà lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí wo àjà.

Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ bu ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ti yin ọmọ yín. Ẹ ti yin ọmọ mi. Ẹ tilẹ̀ ti bú mi díẹ̀. Ohun kan ló kù tí n kò tíì gbọ́. Kí lẹ wá ṣe nílé mi gan-an?"

Mákánjúọlá ṣì dojú bolẹ̀.  Ó mọ ìyá rẹ̀: bó bá ti búra, òkè Agbaja á kọ́kọ́ ṣí nídìí kí òun tó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó gbọ́ tí aṣọ ìyá rẹ̀ ń dún. Nígbà tó yọ ojú wò, Màmá Adéòkè ti wà lórí ìkúnlẹ̀, eékún méjèèjì nílẹ̀, gèlè rẹ̀ ti ṣẹ́rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá Rebecca," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ọmọ yín."